Ṣé O Mọ̀? Ológbò Tó Ń Ṣọ́ Ọjà Wa Kò Tíì Gbowó Oṣù

Ní Èkó, láti Ketu dé Mile 12, láti Ikosi dé Alapere, kò sí ẹni tó ń ta ẹ̀wà, gàrí tàbí ìrẹsì tí kò mọ ohun tí eku lè fi àpò kan ṣe lóru ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí ológbò fi pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àti lágbàlá wa. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa. Ohun tó yẹ ká ṣe fún òun ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ ká yára tò ó.

Ta ló mú ológbò wọ̀lú?

Ṣé o mọ̀ pé ìran ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ológbò? Ní 2007, Carlos Driscoll àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbùdá ológbò ilé àti ológbò igbó wò káàkiri ayé. Ibì kan náà ni gbogbo ológbò ilé já sí: ọ̀dọ̀ ológbò igbó tí wọ́n ń pè ní Felis lybica, tó ń gbé Áfíríkà àti Ààrin Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Èyí tó ń sùn lórí àga tìmùtìmù ní London àti èyí tó ń gun òrùlé páànù ní Ikosi, ìran kan náà ni wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó dẹ tàkúté mú un? Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà pamọ́ ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, eku ya bo abà, ológbò sì tẹ̀ lé eku wọlé. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní Mile 12 lónìí náà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn láyé àtijọ́.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti sin ológbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn rí? Ní erékùṣù Cyprus, Jean-Denis Vigne àti àwọn awalẹ̀pìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí egungun ológbò kan nítòsí sàréè ènìyàn tó ti tó 9,500 ọdún. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 2004. Erékùṣù náà kò ní ológbò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ló gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi débẹ̀.

Ebi kì í sọ ológbò di ọdẹ

Ṣé o mọ̀ pé irọ́ ni "má fún un lóúnjẹ, kó lè pa eku"? Ní 1976, Robert Adamec gbé oúnjẹ aládùn síwájú àwọn ológbò, ó sì tú eku sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n pa eku, wọ́n sì padà sídìí oúnjẹ wọn. Ọdẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ológbò. Ikùn nìkan kọ́ ló ń rán an níṣẹ́.

Ṣé o mọ ohun tí ebi ń ṣe fún un gan-an? Á rù, irun rẹ̀ á gbó, ara rẹ̀ kò ní lè bá àìsàn jà. Á lọ jí ẹja lórí àtẹ ẹlẹ́ja, wọn á da omi gbígbóná lé e lórí. Á jẹ eku tó ti jẹ májèlé. Oníṣọ́ọ̀bù tó ń febi pa ológbò rẹ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ lé ọdẹ rẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ikùn ológbò kéré? Èyí tó ń dá ọdẹ jẹ fúnra rẹ̀ lè pa ẹran wẹ́wẹ́ bíi 10 sí 20 jẹ láàárín wákàtí 24. Nítorí náà, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ sàn fún un ju àwo ńlá ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ṣé o mọ̀ pé eku ńlá kì í ṣe ẹgbẹ́ ológbò? Ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣètò ìdọ̀tí ní Brooklyn, New York, Michael Parsons àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kámẹ́rà ti àwọn eku àti ológbò fún ọjọ́ 79. Fídíò 306 ni wọ́n gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ológbò gbìyànjú láti pa eku. Méjì ló pa. Ìwádìí náà jáde ní 2018. Ohun tí àwọn eku kàn ń ṣe ni pé wọ́n ń sá pamọ́ nígbà tí ológbò bá wà nítòsí. Èkúté wẹ́wẹ́ ló ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ṣé o mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún wa? Níbi tí tòmáàtì jíjẹrà bá ga jọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò sí iye ológbò tó lè gba ọjà lọ́wọ́ eku. Ológbò kì í ṣe LAWMA tó ń kó ìdọ̀tí. Ká kọ́kọ́ palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, kí ológbò tó bá wa ṣe ìyókù.

Ṣé o mọ̀ pé láti ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno ni ibà Lassa ti gba orúkọ, ní 1969? Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló ń gbé e wọ oúnjẹ wa. Ológbò lè wà nílé kí eku ṣì tọ̀ sínú gàrí. Ike tó ní ọmọrí ni ààbò gàrí.

Okùn ọrùn

Ṣé o ti fara balẹ̀ wo ológbò tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́wà rí? Okùn ọ̀rá ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹnu àpò, kò sì gùn ju apá ènìyàn méjì lọ. Irun ọrùn rẹ̀ ti re níbi tí okùn ti ń họ ọ́. Okùn yẹn náà ló fa àwo omi rẹ̀ dànù láti àárọ̀. Ibi tó ń sùn ló ń ṣu sí. Bí alábàárù bá sọ àpò kalẹ̀ gbì, á fò sókè, okùn á fà á padà. Oníbàárà á ní, "Màmá, ológbò yín yìí mà ti ń rù o." Màmá á fèsì pé, "Ọmọ mi, bí mo bá tú u báyìí, kò ní padà wá mọ́."

Ṣé o mọ̀ pé ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti fi ohun márùn-ún lélẹ̀ tí kò yẹ kí ẹran kankan ṣaláìní? Ní 1965 ni ìgbìmọ̀ Brambell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹran tí ènìyàn bá ń sìn gbọ́dọ̀ lè dìde, kó lè dùbúlẹ̀, kó lè yí padà, kó lè tún ara rẹ̀ ṣe, kó sì lè na apá àti ẹsẹ̀. Ẹran oko ni wọ́n ń sọ nígbà náà, bíi adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Gbé ológbò orí okùn yẹn sórí òṣùwọ̀n náà, kó o wo mélòó ló máa yege.

Ṣé o mọ̀ pé ológbò orí okùn kò lè ṣọdẹ? Ọdẹ rẹ̀ ni pé kó lúgọ, kó dúró pẹ́, kó wá fò mọ́ eku lójijì. Okùn ti gba gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ nìkan ló kù tó ń dẹ́rù ba eku.

Ṣé o mọ̀ pé ó lè pokùn so? Bó bá fò gorí àpò tó sì bọ́ sí òdìkejì, okùn ọrùn lè fún un pa. Bí ìdíwọ́ bá di dandan, èyí tó gba àyà àti abẹ́ apá kọjá ni kó o lò, kí ènìyàn sì wà níbẹ̀. Má so ó mọ́jú.

Ṣé o mọ bí Màmá ṣe lè tú u kó má sá? Kó ti ológbò tuntun mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù tàbí yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, pẹ̀lú omi, ibi ìyàgbẹ́ àti ibi ìfarapamọ́. Kó máa fún un lóúnjẹ ní ibì kan náà, ní àkókò kan náà. Ọjọ́ tó bá máa kọ́kọ́ tú u, kó jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kí àkókò oúnjẹ tó. Ológbò tó bá ti fi ibì kan ṣe ilé kì í fẹ́ fi í sílẹ̀. Oúnjẹ tó ń dé lásìkò ló ń dá a padà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn dókítà ológbò ní Amẹ́ríkà àti káàkiri ayé jọ kọ ohun tí ológbò nílò sílẹ̀ ní 2013? Márùn-ún ni: ibi ààbò tó lè sá sí, oúnjẹ, omi àti ibi ìyàgbẹ́ tó jìnnà síra wọn, àyè láti ṣeré bí ẹni ń ṣọdẹ, ènìyàn tí ìwà rẹ̀ kì í yí bírí, àti ibùgbé tí òórùn kò ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kò sí èyí tó ń ná ni lówó ńlá níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì tó ti ṣófo lè ṣe iṣẹ́ mẹ́ta? Da ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tẹ́ aṣọ àtijọ́ sínú rẹ̀, gbé e sórí pẹpẹ: ó di bẹ́ẹ̀dì, ó di ibi ìfarapamọ́, ó di ibi gíga tí ológbò ti lè máa wo gbogbo ayé nísàlẹ̀. Tọ́jú òmíràn tó ní ìdérí sílẹ̀ fún ọjọ́ tó bá máa lọ rí dókítà.

Ṣé o mọ̀ pé etí ológbò mú ju tiwa lọ ní ìlọ́po mẹ́ta? Ohùn tínrín tí etí wa kò gbà mọ́ bó bá ti kọjá 20,000 hertz, òun ṣì ń gbọ́ ọ kọjá 60,000. Fojú inú wo ohun tí jẹnẹrétọ̀, lásípíkà àti fèrè tírélà ń fi ojú rẹ̀ rí lóru Mile 12. Má so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Ṣé o mọ iye ibi ìyàgbẹ́ tó yẹ kó ní? Iye ológbò tó wà nílé, kó o wá fi ẹyọ kan lé e. Yanrìn gbígbẹ nínú ike pẹlẹbẹ tó. Kó sáà jìnnà sí oúnjẹ, kí ẹ sì máa kó o lójoojúmọ́. Ológbò tó ń tọ̀ sórí àpò ìrẹsì lè má jẹ́ aláìgbọ́ràn rárá. Ó lè jẹ́ pé kò rí ibi gidi lọ.

Àwo oúnjẹ

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀bà ọlọ́bẹ̀ kò lè gbé ológbò ró? Ẹran àti ẹja ló ti ń rí ohun tí wọ́n ń pè ní taurine. Bí kò bá rí i fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ á fọ́, ọkàn rẹ̀ á dẹ̀. Ní 1987, Paul Pion àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì California ní Davis fi hàn pé bí wọ́n bá fi taurine kún oúnjẹ ológbò tí ọkàn rẹ̀ ti ń dẹ̀ báyẹn, ọkàn náà lè padà bọ̀ sípò.

Ṣé o mọ̀ pé ológbò kò mọ adùn ṣúgà? Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Monell ní Philadelphia rí i pé àbùdá tó yẹ kó máa bá ahọ́n rẹ̀ tọ́ ohun dídùn wò ti kú. Bó bá ń fojú sí búrẹ́dì rẹ, bọ́tà orí rẹ̀ ló ń wá.

Ṣé o mọ̀ pé mílíìkì kì í bá ọ̀pọ̀ àgbà ológbò lára mu? Bí wọ́n bá ti dàgbà, inú wọn kì í lè da ṣúgà inú wàrà mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń tẹ̀ lé e. Omi ni ohun mímu ológbò.

Ṣé o mọ̀ pé òùngbẹ kì í tètè gbẹ ẹ́? Ilẹ̀ gbígbẹ ni baba ńlá rẹ̀ ti wá, inú ẹran tó bá pa ló sì ti ń rí omi. Ẹni tó bá ń jẹ́ kí ológbò jẹ oúnjẹ gbígbẹ nìkan gbọ́dọ̀ máa gbé omi tútù síbẹ̀ lárọ̀ àti lálẹ́, nínú abọ́ fífẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àlùbọ́sà, tí tírélà ń já kalẹ̀ ní Mile 12 lójoojúmọ́, májèlé ni fún ológbò? Tútù ni o, sísè ni o, lílọ̀ ni o, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa inú rẹ̀ jẹ́. Aáyù tún le jù ú lọ. Yọ ẹja tirẹ̀ sọ́tọ̀ kó o tó da ata àti àlùbọ́sà sí ìkòkò.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ẹja kan, irú bíi ṣàwá, ní ohun kan nínú nígbà tí wọ́n bá wà ní tútù tó ń pa fítámì B1 run? Bó o bá bọ̀ ọ́, ohun náà á kú. Yọ ẹ̀gún rẹ̀ pẹ̀lú, má sì fún un ní egungun adìẹ sísè. Ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun.

Ṣé o mọ̀ pé ológbò kì í gbààwẹ̀? Èyí tó bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, pàápàá bó bá sanra, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lè pa á. Má dúró dìgbà tó bá "yá fúnra rẹ̀".

Oògùn tó ń pani

Ṣé o mọ̀ pé hóró Panadol kan ṣoṣo lè pa ológbò? Ẹ̀dọ̀ wa ní ọ̀nà tó ń gbà sọ parasítámọ́ọ̀lù di aláìlágbára. Ti ológbò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in. Bó bá ti gbé e mì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé atẹ́gùn mọ́: èrìgì rẹ̀ á pọ́n bí ilẹ̀ tàbí kó dúdú, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, kò ní lè mí dáadáa. Ẹni tó fún un rò pé ibà lòun ń wò. Kò sí ìwọ̀n kankan tó dára, ì báà jẹ́ ìdajì ìdajì.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn eégbọn ajá lè gbẹ̀mí ológbò? Bí permethrin bá wà nínú rẹ̀, gìrì ló máa mú un. Ka ara páálí.

Ṣé o mọ̀ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í wo ara yíyún? Àwọn kan máa ń fi kun ẹran tí irun rẹ̀ ń re. Ológbò a máa lá ara rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́. Ohunkóhun tó o bá fi kùn ún lára, o ti fi sí i lẹ́nu.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ọ̀tá-pia-pia fi ń pa á? Bó bá jẹ eku tàbí aáyán tó ti jẹ ẹ́, ó ti jẹ nínú rẹ̀. Bó bá rìn kọjá ibi tí wọ́n da á sí, á lá a kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ní 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò kéékèèké dichlorvos, oògùn inú ọ̀tá-pia-pia, tí à ń tà láàárín ọjà, nítorí ewu tó wà nínú rẹ̀ fún ènìyàn pàápàá. Yan ọ̀kan: ológbò tàbí májèlé eku. Méjèèjì kò lè jọ gbélé.

Ara rẹ̀ ń sọ̀rọ̀

Ṣé o mọ̀ pé àwa ènìyàn ni àgbà ológbò sábà máa ń ké "ńyáù" sí? Ọmọ wọn ń ké e pe ìyá. Bí wọ́n bá dàgbà, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ké e síra wọn mọ́. Àwa ló ń bá wí.

Ṣé o mọ̀ pé ológbò tó ń kùn hùnrùn-hùnrùn lè má gbádùn? Òótọ́ ni pé ó ń kùn bẹ́ẹ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn. Ó tún ń kùn bẹ́ẹ̀ bó bá ń jẹ̀rora, bó bá ń rọbí, tàbí bó bá ń kú lọ. Wo ojú rẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣé o mọ ohun tó yẹ kó o wò? Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Montréal ní Kánádà to àmì ìrora márùn-ún sí ojú ológbò: etí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú tó ń dì, imú àti ẹnu tó le, irun imú tó nà gan-an, orí tó wálẹ̀ dé èjìká. Bó o bá rí bíi mẹ́ta pọ̀, kì í ṣe oorun ló ń kùn ún.

Ṣé o mọ̀ pé o lè kí ológbò láìlanu? Ní 2020, Tasmin Humphrey àti Karen McComb ní yunifásítì Sussex fi hàn pé bí ènìyàn bá rọra pa ojú dé, tó sì rọra là á, ológbò a máa ṣe bẹ́ẹ̀ padà, a sì tún máa fẹ́ súnmọ́ ẹni náà. Àmọ́ bó o bá ranjú mọ́ ọn, ìjà ló máa pè é.

Ṣé o mọ̀ pé ó mọ orúkọ rẹ̀? Atsuko Saito ló fi èyí hàn ní Japan ní 2019. Bí kò bá dá ọ lóhùn, ó gbọ́. Kò kàn fẹ́ wá ni.

Ṣé o mọ̀ pé ìrù tó nà sókè gbọnrangandan, ìkíni ni? Ìrù tó ń gbá kiri, ìkìlọ̀ ni. Sọ fún àwọn ọmọ kéékèèké kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó bá ti ń gbá ìrù.

Ṣé o mọ àmì tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la? Akọ ológbò tó ń lóṣòó lórí yanrìn léraléra, tó ń rún ara, tó ń ké, tí ìtọ̀ kò sì jáde. Ọ̀pọ̀ ń rò pé inú ló dì í, wọn á fún un ní epo pupa. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló dí. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ó lè kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

Igbe òru

Ṣé o mọ̀ pé igbe tó ń dún bí ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn fèrèsé lóru kì í ṣe ti àjẹ́? Abo ológbò tó ń wá akọ ni, tàbí àwọn akọ tó ń jà nítorí rẹ̀. Bí kò bá tíì lóyún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni igbe náà lè tún bẹ̀rẹ̀. Òkúta tí ẹ̀ ń jù kò lè dá a dúró.

Ṣé o mọ̀ pé abo ológbò lè lóyún ní bíi oṣù mẹ́rin sí márùn-ún? Ọmọdé ṣì ni. Oyún rẹ̀ jẹ́ bí ọjọ́ 63 sí 65. Ó lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́dún, bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ológbò inú páálí tí à ń rí lẹ́bàá gọ́tà ti ń wá.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ wà tó ń dá èyí dúró? Wọ́n ń tẹ akọ lọ́dàá, wọ́n sì ń ṣe ti abo kó má lè lóyún mọ́. Igbe á dínkù, ìjà á dínkù, akọ kò ní máa rìn jìnnà mọ́. Ológbò náà kò sì ní gbàgbé ọdẹ.

Ṣé o mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ ológbò kúrò lọ́mú kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ? Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí méje ló sì ń kọ́ bóyá ọ̀rẹ́ ni ènìyàn. Èyí tí ọwọ́ jẹ́jẹ́ bá kàn nígbà náà kì í ṣe ẹhànnà.

Ṣé o mọ̀ pé ológbò aláwọ̀ mẹ́ta, dúdú, funfun àti pupa rẹ́súrẹ́sú, abo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ nígbà gbogbo? Àwọ̀ dúdú náà, àbùdá ni. Kò sí ẹ̀mí òkùnkùn kankan nínú irun.

Ohun tó kan àwa náà

Ṣé o mọ̀ pé ológbò náà lè kó dìgbòlugi? Ajá kọ́ nìkan. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kó o fi fọ ojú ibi tó bu ni jẹ fún ìṣẹ́jú 15, kó o sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ ológbò bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta. September 28, ọjọ́ tí Louis Pasteur kú ní 1895, ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé. Béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ bóyá wọ́n ń fún ẹran lábẹ́rẹ́ náà lásìkò yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé aláboyún kò ní láti lé ológbò jáde? Kòkòrò toxoplasma lè wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba ọjọ́ kan ó kéré tán kó tó lè ran ènìyàn. Kí ẹlòmíràn máa kó ìgbẹ́ náà lójoojúmọ́. Ẹran tí kò jinná àti ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ mọ́ náà ń gbé kòkòrò yìí.

Ṣé o mọ̀ pé làpálàpá orí àwọn ọmọ lè wá láti ara ológbò? Tọ́jú méjèèjì pọ̀. Bí o bá sì ń sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ológbò, itọ́ tó fi ń lá irun rẹ̀ ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe irun gan-an.

Ṣé o mọ̀ pé dókítà ẹran kì í ṣe ti màlúù nìkan? Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn láti 1963. FUNAAB ní Abẹ́òkúta náà ń kọ́ wọn. Wọ́n kọ́ wọn nípa ológbò pẹ̀lú.

Ẹ̀sìn, òfin, omi

Ṣé o mọ̀ pé hadith wà nínú Bukhari àti Muslim nípa obìnrin tó wọná nítorí pé ó ti ológbò mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó lọ wá tirẹ̀ jẹ? Ẹni tó bá so ológbò mọ́ àpò láìní omi, kó tún ọ̀rọ̀ yìí gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìyà wà nínú ìwé òfin? Abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹran lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san ₦50. Owó yẹn kò gbé ènìyàn láti Ketu dé Mile 12 mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀daràn ṣì ni òfin pe onítọ̀hún.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá ní ẹbí tó ń sin ológbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti di dandan láti June 10, 2024 pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìdánimọ̀ tíńtín sí abẹ́ awọ rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn lè tó £500.

Ṣé o mọ̀ pé ológbò kò ní ẹ̀mí mẹ́sàn-án? Nínú ológbò 132 tó já láti orí ilé gíga ní New York, tí ìròyìn wọn jáde ní 1987, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló yè. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé wọn lọ o, pẹ̀lú àyà àti àgbọ̀n fífọ́. Bí o bá ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé.

Ṣé o mọ̀ pé ó lè wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ láàárọ̀? Ibẹ̀ móoru. Awakọ̀, gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì kó o tó tan ọkọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣí omi Ìdídò Oyan nígbà òjò, odò Ògùn á kún dé Agboyi àti Ajelogo? Ológbò tó wà lórí okùn kò ní ibi tó máa sá sí. Bí ìkìlọ̀ omíyalé bá ti jáde, tú gbogbo ẹran tó wà ní ìdè, gbé ológbò sínú apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí, kó o sì gbé e dání bó o bá ń kó ẹrù.

Ṣé o mọ bí ológbò ṣe lè pẹ́ láyé tó? Creme Puff ní Texas, tí wọ́n bí ní 1967, gbé ọdún 38. Èyí tó ń gbélé tó sì rí ìtọ́jú lè tó ọdún 12 sí 15, kó tún lé.

Ìwọ tí o ní ológbò ní ṣọ́ọ̀bù tàbí nílé, owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀: omi mímọ́, ẹja bíbọ̀ tí kò ní àlùbọ́sà, ibi tó lè sá sí, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, àti ọrùn tí kò sí okùn níbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í san án láti òní.